OGUN ÀHÓYAYA: OHUN TÍ A RÍ ÀTI OHUN TÍ A KÒ RÍ LÉTÍ OMI ÈKÓ

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ìpolongo bá àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ sọ lẹ́yìn àbẹ̀wò sí Marina àti Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó

  

Orúkọ méjì ni àwọn ará Èkó fún ogun tí a torí rẹ̀ jáde lónìí. Àwọn kan pè é ní Ogun Àhóyaya, nítorí pé ìlú hó yaya bí omi tí ó wà lórí iná. Àwọn mìíràn pè é ní Ogun Agídìngbì, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ìró àgbá ṣe dún sí wọn létí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n wá jà á kò lo ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé tiwọn ni pé àwọn rẹ Èkó sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí a lọ sí ilé-ìwé àwọn míṣọ́nnárì, orúkọ ti inú ìwé yẹn ni a kọ́kọ́ gbọ́. A dàgbà tán kí a tó gbọ́ tilé.

Ọjọ́ 26 àti ọjọ́ 27 oṣù Dìsẹ́ńbà ọdún 1851 ni ogun náà gbóná jù, èyíinì ni ọjọ́ kejì Kérésìmesì àti ọjọ́ tí ó tẹ̀ lé e.

Nígbà tí a ń rìn lẹ́bàá Marina, níbi tí àwọn àgbà ń pè ní Ẹ̀yìn Ìgbẹ́tì, ọ̀kan nínú yín bi wá léèrè pé, "Níbo gan-an ni wọ́n ti jà?" Ìbéèrè náà tọ́, kò sì rọrùn láti dáhùn, nítorí pé etí omi ọdún 1851 kì í ṣe etí omi ti òní. Ọ̀nà ńlá tí ó yí erékùṣù ká, àti ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tuntun tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2023, orí ilẹ̀ tí a fi iyanrìn dí àti ojú omi gan-an ni a kọ́ wọn sí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí àwọn baba wa dúró sí, kí ó kẹ̀yìn sí omi, kí ó sì kọjú sí ilé. Ibi tí àwọn ilé àtijọ́ tò sí ni etí omi wà nígbà náà. Ibi tí àwa dúró sí tí a ń nàka, ojú ọ̀nà ọkọ̀ ogun ni.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo ẹnu ọ̀sà, níbi tí omi Èkó ti pàdé òkun. Lónìí, àwọn ọkọ̀ ńláńlá ń gba ibẹ̀ wọlé lọ sí Àpápá láìsí ìdíwọ́, nítorí ògiri òkúta tí a kọ́ sínú òkun ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún àti gbígbẹ́ tí a ń gbẹ́ iyanrìn abẹ́ omi nígbà gbogbo. Ní ọdún 1851 kò rí bẹ́ẹ̀. Òkìtì iyanrìn wà lábẹ́ omi lẹ́nu ọ̀sà, ìgbì ń fọ́ lórí rẹ̀, ó ń dojú ọkọ̀ dé, ó sì ń pa ènìyàn. Ọkọ̀ òkun tí ó tóbi kò lè kọjá. Èyí ni odi Èkó gan-an, kò sí ọba tí ó mọ ọ́n. Ìdí nìyí tí àwọn ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó tóbi jù, bí Penelope àti Sampson, fi dúró sí ojú òkun lẹ́yìn òde, tí ó fi jẹ́ pé àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí ń lo èéfín, Bloodhound àti Teazer, pẹ̀lú ọ̀wọ́ ọkọ̀ àfajẹ̀wà ni ó wọlé wá jà. Bí ẹnìkan bá ń retí ìtàn ọkọ̀ ńlá méjì tí wọ́n dojú kọ ara wọn láàárín agbami, kò ní rí i níbí. Ogun ọ̀sà ni. Omi fún, iyanrìn pọ̀ lábẹ́ rẹ̀, ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ sì ń rí ojú ẹni tí ó wà lẹ́yìn yàrà.

Báwo ni ọ̀ràn ṣe dé ibẹ̀? Àwọn àgbà wí pé bí ogiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ibi tí yóò gbà wọlé. Ogiri Èkó ti lanu ṣáájú kí ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó dé. Ọmọ Ọba Ológun Kútere ni Òṣìnlókun, òun kan náà ni ó bí Akíntóyè. Òṣìnlókun jọba, ó sì bí Kòsọ́kọ́. Akíntóyè jẹ́ arákùnrin baba Kòsọ́kọ́, ìdílé kan náà sì ni wọ́n. Ní ọdún 1841, lẹ́yìn ikú Ọba Olúwọlé, Akíntóyè ni wọ́n fi jọba, Kòsọ́kọ́ sì wà ní ìgbèkùn nítorí ọ̀tá tí ó wà láàárín òun àti Ẹlẹ́tù Òdìbò, olórí àwọn afọbajẹ. Akíntóyè jẹ́ ènìyàn pẹ̀lẹ́. Ó pe ọmọ arákùnrin rẹ̀ padà wálé, ó sì fi í joyè Olójà Ẹrẹ́kọ̀. Ẹlẹ́tù kìlọ̀, wọn kò gbọ́. Nígbà tí ó di ọdún 1845, Kòsọ́kọ́ ti ní ọmọ ogun tó láti gba ìgà. Ogun Olómirò ni wọ́n ń pe ìyẹn. Akíntóyè bá ti inú ọ̀sà sá lọ. Ìtàn sọ pé ní odò Agbóyì ni Oṣòdì Tápà, balógun Kòsọ́kọ́, ti bá a pàdé, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí ó kọjá. Akíntóyè lọ sí Abẹ́òkúta, nítorí ìdílé ìyá rẹ̀, lẹ́yìn náà ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí Àgbádárìgì, ó jókòó ti àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn míṣọ́nnárì.

Ọba tí a lé kúrò nílé, tí kò ní ọmọ ogun, kí ni yóò fi rọ ẹni tí ó ní? Akíntóyè ní ohun kan láti fi rọ̀ wọ́n. Ó kọ̀wé sí John Beecroft, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní etí òkun wa, pé bí wọ́n bá dá òun padà sórí oyè, òun yóò fòpin sí òwò ẹrú ní Èkó, òun yóò sì bá Gẹ̀ẹ́sì ṣòwò tí ó bófin mu. Ẹ má ṣe rò pé Akíntóyè kò mọ òwò ẹrú nígbà tí ó fi wà lórí oyè. Ó mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tí ó jọba Èkó ní àkókò yẹn tí kò mọ̀ ọ́n.

Àwọn mìíràn pẹ̀lú ń ti ọ̀ràn náà síwájú. Àwọn Ẹ̀gbá fẹ́ ọ̀nà sí òkun. Àwọn ará Dahomey ti gbógun ti Abẹ́òkúta ní oṣù Máàṣì ọdún 1851, wọ́n sì lé wọn padà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò tíì kúrò. Samuel Ajayi Crowther, ẹni tí a ti tà lẹ́rú láti Òṣogùn, tí a sì kó sínú ọkọ̀ ẹrú ní Èkó yìí kan náà, lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1851. Ó rí Palmerston, mínísítà tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ó rí Ọbabìnrin Victoria pẹ̀lú, ó sì ròyìn ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní ilé. A gbọ́dọ̀ sọ èyí tààrà, nítorí pé àwọn kan nínú wa fẹ́ràn láti sọ ìtàn yìí bí ẹni pé Òyìnbó kàn jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé àgbá, ó wá. Ọmọ wa ń pè é. Ọba wa kan ń pè é. Ẹni tí ó ti inú ọkọ̀ ẹrú bọ́ ní ìdí tí ó fi fẹ́ kí a ti ẹnu ọ̀nà yẹn pa, kò sì sí ẹni tí ó lè bá a wí.

Ní oṣù Nòfẹ́ńbà ọdún 1851, Beecroft wá bá Kòsọ́kọ́ pẹ̀lú ìwé àdéhùn. Èsì tí Kòsọ́kọ́ fún un, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sọ́kàn. Ó ní abẹ́ Ọba Bìní ni Èkó wà, Ọba Bìní nìkan ni ó sì lè bá ilẹ̀ òkèèrè ṣe àdéhùn nípa Èkó. Èsì agbẹjọ́rò ni! Ẹni tí wọ́n ń pè ní aláìmọ̀ mọ òfin tó láti fi bo ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kì í dá àgbá dúró.

Ní ọjọ́ 25 oṣù náà, Bloodhound àti àwọn ọkọ̀ kéékèèké wọ inú ọ̀sà. Wọ́n ta àsíá funfun, èyí tí ó túmọ̀ sí àlàáfíà, ìbọn sì wà nínú ọkọ̀ wọn. Àwọn ará Èkó wo àsíá, wọ́n wo ìbọn, ìbọn ni wọ́n gbàgbọ́. Wọ́n yìnbọn. Títí di òní, àwọn ìwé kan ń sọ pé àwọn ará Èkó hùwà ọ̀dàlẹ̀ nítorí pé wọ́n yìnbọn sí àsíá funfun. Àwa bi yín: bí ẹnìkan bá gbé ìgbálẹ̀ dání lọ́wọ́ kan, tí ó mú idà dání lọ́wọ́ kejì, tí ó ń bọ̀ nínú yàrá yín lóru, ṣé ẹ ó sọ pé ó wá gbálẹ̀ ni? Àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ̀kalẹ̀ sí èbúté, wọ́n dáná sun ilé díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà inú ìlú fún, ìbọn sì ń bọ̀ láti ọ̀tún àti láti òsì. Wọ́n padà sínú ọkọ̀ wọn. Ènìyàn 2 kú nínú tiwọn, àwọn mìíràn sì farapa. Ọjọ́ yẹn, Èkó ni ó ṣẹ́gun. Nínú ìwé ìtàn tí a fi kọ́ wa, ìlà kan ni wọ́n fi sọ ọ́.

Láàárín oṣù kan tí ó tẹ̀ lé e, iṣẹ́ ni Èkó ń ṣe. Ẹni tí ó ṣètò iṣẹ́ náà ju gbogbo àwọn yòókù lọ ni Oṣòdì Tápà. Ọmọ Tápà ni, gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀ ti fi hàn. Ó wọ agbo ilé Òṣìnlókun bí ẹrú, ó dàgbà níbẹ̀, ó gbọ́ èdè Pọtogí, ó sì di balógun. Wọ́n gbẹ́ yàrà sí etí omi. Wọ́n ri igi àgbọn mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ọgbà, kí ọta má lè kọjá. Wọ́n gbin igi sínú omi kí ọkọ̀ má lè súnmọ́ èbúté. Àgbá tí wọ́n ti rà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò òkèèrè fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n tò wọ́n sí ibi tí ó yẹ. Nígbà tí ogun parí, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kà lé ní àádọ́ta. Àwọn ọkọ̀ ogun Èkó pẹ̀lú wà nínú ọ̀sà, ọkọ̀ igi gígùn tí a ń fi àjẹ̀ wà, tí a sì lè gbé ìbọn kékeré tí ń yí kiri sí iwájú rẹ̀. Ẹni tí ó ti rí bí ará Èkó ṣe ń wakọ̀ lójú ọ̀sà títí di òní mọ̀ pé eléyìí kì í ṣe ohun tí a lè fojú tín-ín-rín.

Ọ̀gákọ̀ Jones ti Sampson ni ó darí àwọn Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí wọ́n padà wá ní Dìsẹ́ńbà. Akíntóyè àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gba orí ilẹ̀ bọ̀ láti Àgbádárìgì. Wọ́n fún wọn ní aṣọ funfun kí wọ́n so mọ́ ọrùn, kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì má baà ṣèèṣì yìnbọn lù wọ́n. Ẹ rò ó wò: ará Èkó kan so aṣọ funfun mọ́ ọrùn, ará Èkó kejì kò so ó. Àmì tí ó wà láàárín ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lọ́jọ́ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 26, ìbọn bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí Teazer fi há sórí iyanrìn, ní ibi tí àgbá Èkó lè tó o. Omi ti fà, ọkọ̀ kò lè lọ síwájú, kò lè padà sẹ́yìn. A sọ fún yín pé iyanrìn abẹ́ omi ni odi Èkó. Ó jà fún wa lọ́jọ́ náà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì rí i pé bí àwọn kò bá pa àgbá tí ó wà ní èbúté lẹ́nu mọ́, wọn yóò pàdánù ọkọ̀ náà. Wọ́n fi ọkọ̀ àfajẹ̀wà gbé ọmọ ogun sọ̀kalẹ̀, wọ́n sáré wọ inú yàrà, wọ́n sì kan ìṣó sí ihò àgbá. Nígbà tí wọ́n ń padà lọ bá ọkọ̀ wọn ni àwọn ará Èkó ya lù wọ́n. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kú nínú tiwọn ti kú. Ìgboyà wà ní ìhà méjèèjì. A kò ní torí pé a jẹ́ ọmọ Èkó kí a sọ pé òjo ni àwọn tí ó sáré sínú ọta ìbọn.

Nígbà tí omi tún kún, Teazer léfòó. Ọjọ́ kejì ni ó burú fún Èkó. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ohun ìjà kan tí Èkó kò ní, rọ́kẹ́ẹ̀tì, èyíinì ni ọfà oníná tí a ń ta láti inú ọkọ̀ sí ọ̀nà jíjìn. Òrùlé ìlú jẹ́ koríko. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń fẹ́. Ọ̀kan nínú rọ́kẹ́ẹ̀tì náà bọ́ sí ilé ètù, ilé ètù bú gbàmù, iná sì ràn láti ilé dé ilé, apá ńlá nínú ìlú jó. A ti sọ fún yín ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Àhóyaya. Òru lẹ́yìn ìyẹn ni Kòsọ́kọ́, Oṣòdì Tápà àti àwọn ènìyàn wọn wọ ọkọ̀, wọ́n gba inú ọ̀sà lọ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ní ọjọ́ 28, ìlú dákẹ́.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ka òkú tiwọn. Wọ́n kọ iye wọn sílẹ̀: nǹkan bí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó kú, ó lé ní àádọ́rin tí ó farapa. Wọ́n kọ orúkọ àwọn ọ̀gá wọn àti ipò tí olúkúlùkù wà. Ta ni ó ka tiwa? Gbogbo ọ̀nà tí a rìn lónìí, a kò rí òkúta kan tí a kọ orúkọ ará Èkó kan sí tí ó kú nínú yàrà Ẹ̀yìn Ìgbẹ́tì. A rí orúkọ ilé ìfowópamọ́, a rí orúkọ ilé ìṣòwò, a rí pátákó ìpolówó ọṣẹ. A ó tún padà sórí èyí.

Kí ni Akíntóyè rí gbà? Ó rí ìgà baba rẹ̀ gbà, pẹ̀lú eérú. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Jánúárì ọdún 1852, wọ́n mú un lọ sínú ọkọ̀ Penelope lójú òkun, ó sì fọwọ́ sí ìwé. Ìwé náà fòpin sí òwò ẹrú, ó fòpin sí fífi ènìyàn rúbọ, ó ṣí ilẹ̀kùn fún òwò, ó sì dáàbò bo àwọn míṣọ́nnárì. Ohun rere wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ọba Èkó kò ṣe ohun kan mọ́ tí kò bojú wo ojú òkun bóyá ọkọ̀ kan dúró níbẹ̀. Akíntóyè kú ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún 1853, kò tó ọdún méjì lórí oyè. Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ jọba. Ní oṣù Ògọ́ọ̀sì ọdún 1861, ọkọ̀ ogun Prometheus dúró sínú ọ̀sà, wọ́n sì sọ fún Dòsùnmú pé kí ó fi Èkó lé Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àgbá yóò dún. Ó ti rí i ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn bí àgbá ṣe ń dún. Ní ọjọ́ 6 oṣù náà, ó fọwọ́ sí i. Wọn kò yin ọta kan. Ọta ọdún 1851 ni wọ́n fi gba Èkó ní 1861. Èyí ni ìdí tí a fi mú yín wá sí etí omi, kì í ṣe sí ilé tí wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé. Àwọn ọmọ ilé-ìwé mọ 1861, wọ́n máa ń kọ ọ́ nínú ìdánwò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ 1861 tí kò mọ 1851, ó mọ ọjọ́ tí wọ́n gbé ẹrù jáde, kò mọ ọjọ́ tí wọ́n já ilẹ̀kùn.

Àwọn kan yóò dìde, wọ́n á ní: ṣé ẹ fẹ́ kí òwò ẹrú máa bá a lọ ni? Kòsọ́kọ́ kì í ha ṣe olówò ẹrú ni? Ó jẹ́ bẹ́ẹ̀. A kò ní fi aṣọ bò ó. Ní ìdajì àkọ́kọ́ nínú ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kò sí èbúté kan ní apá àríwá ilà ìdajì ayé tí ó kó ẹrú jáde ju Èkó lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a kó lọ sí Bahia ní Brazil, ìyẹn ni ó sì fa á tí a fi ń gbọ́ orúkọ òrìṣà wa níbẹ̀ títí di òní. Ọmọ Yorùbá ni wọ́n, ọmọ Yorùbá ni ó tà wọ́n. Bí a bá dúró létí omi yẹn tí a sunkún nítorí iná tí ó jó Èkó, tí a kò sunkún nítorí àwọn tí a dè mọ́lẹ̀ ní èbúté kan náà, ẹkún wa kò pé.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi àwọn tí ó wí bẹ́ẹ̀ ní nǹkan díẹ̀. Ta ni ó fi ọkọ̀ kó ẹrú kọjá òkun jù lọ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún? Gẹ̀ẹ́sì ni, ọdún 1807 ni ó tó fòfin de òwò náà láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Èkejì, ní ọdún 1850, ọdún kan ṣáájú ogun yìí, Brazil fúnra rẹ̀ ti ṣòfin tí ó ti ọjà ẹrú tí ń ti ilẹ̀ wa lọ. Cuba ṣì ń rà, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n oníbàárà tí ó tóbi jù fún Èkó ti ń kógbá sílé kí àgbá tó dún. Ẹ̀kẹta, bí ó bá jẹ́ ẹrú nìkan ni wọ́n bá wá, kí ni ó dé tí wọ́n fi padà wá ní ọdún 1861, nígbà tí ọkọ̀ ẹrú kò wá sí Èkó mọ́, tí epo pupa ni ó kún èbúté? Ọ̀jọ̀gbọ́n J. F. Ade Ajayi gbé ọ̀ràn yìí yẹ̀ wò nínú ìwé ìròyìn Nigeria Magazine ní ọdún 1961, ó sì fi yé wa pé agbára lórí òwò Èkó, àti ilẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn Èkó títí kọjá odò Ọya, wà nídìí ohun tí wọ́n ń wá. Àwa gbà pẹ̀lú rẹ̀. A sì gbà pé àwọn olóòótọ́ ènìyàn wà láàárín àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kórìíra òwò ẹrú láti inú wá, àti pé ọ̀pọ̀ ọmọ ni ọdún 1852 kò jẹ́ kí a kó lọ. Nǹkan méjèèjì jẹ́ òtítọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀kan gba èkejì lọ́wọ́ yín.

Láti Marina a lọ sí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ó sì dùn mọ́ wa pé ibẹ̀ ni ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí bi wá ní ìbéèrè gidi. Kòsọ́kọ́ kò parẹ́ lẹ́yìn ogun. Ó tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́, ó ń ti ibẹ̀ yọ Èkó lẹ́nu. Ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún 1854, ó bá aṣojú Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́: ó yọwọ́ nínú ọ̀ràn oyè Èkó, wọ́n sì gbà pé Palma àti Lẹ́kí jẹ́ èbúté tirẹ̀. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì ti gba Èkó tán, ní ọdún 1862, wọ́n jẹ́ kí ó padà wálé. Ó kú ní ọdún 1872, Ìgà Ẹrẹ́kọ̀ ni ibojì rẹ̀ wà. Oṣòdì Tápà bá a padà, wọ́n sì fún òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ilẹ̀ ní erékùṣù Èkó. Àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ni ó tẹ ibẹ̀ dó, ìyẹn ni orúkọ rẹ̀ fi jẹ́ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Agbo ilé 21 ni wọ́n pín in sí. Ère Oṣòdì Tápà tí ẹ rí níbẹ̀, ẹrú tí ó di balógun ni, ọmọ Tápà tí ó gbèjà Èkó nígbà tí ọba tí a bí ní Èkó wà lẹ́yìn ọkọ̀ àjèjì. Ẹni tí ó bá tún sọ fún yín pé ibi tí a bí ènìyàn sí nìkan ni ó ń sọ ọ́ di ọmọ ìlú, kí ẹ mú un lọ wo ère náà. Ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó kan náà ni Olóyè M. K. O. Abíọ́lá ti kéde ara rẹ̀ ní ààrẹ ní ọjọ́ 11 oṣù Júùnù ọdún 1994, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn, kí a má baà sùn síhìn-ín.

Nísinsin yìí, ọ̀rọ̀ àwọn òkú. Ìwé kò kọ orúkọ wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe inú ìwé nìkan ni orúkọ ń gbé. Ó wà nínú oríkì. Ó wà nínú orúkọ tí a sọ ọmọ tí a bí lẹ́yìn ikú baba rẹ̀. Ó wà lẹ́nu àwọn ìyá àgbà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ní Ẹrẹ́kọ̀, àti ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí àwọn kan nínú wọn kò ti padà wálé mọ́. Ó wà pẹ̀lú ní ìdílé àwọn tí ó so aṣọ funfun mọ́ ọrùn. Àwọn náà kú, ọmọ Èkó sì ni wọ́n. Ìgbìmọ̀ wa ti pinnu pé kí a bẹ̀rẹ̀ sí kó wọn jọ. A ti ra ìwé ńlá kan fún iṣẹ́ náà, ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹ̀ka, ojú ewé rẹ̀ ṣì funfun. Ẹni tí ó bá ní baba ńlá tí a gbọ́ nílé pé ó bá ogun náà lọ, kí ó wá sọ orúkọ rẹ̀, agbo ilé rẹ̀, àti ẹni tí ó sọ ọ́ fún un. Bí ẹni méjì bá sọ ìtàn kan náà ní ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ kọ méjèèjì. Ẹ má ṣe tún un ṣe kí ó lè dùn, ẹ má sì fi orúkọ ẹni tí kò sí níbẹ̀ kún un nítorí pé ó jẹ́ ẹni ńlá.

Ọjọ́ Sátidé méjì sí èyí tí ń bọ̀ ni a ó lọ sí Ẹ̀pẹ́. Bọ́ọ̀sì yóò gbéra ní iwájú ilé ẹgbẹ́ ní agogo méje òwúrọ̀. Kí olúkúlùkù mú oúnjẹ ọ̀sán tirẹ̀ dání, kí àwọn tí ó mọ̀wé kọ dáadáa sì mú bírò wá.